Albion Online láti Ògbómọ̀ṣọ́: kí ló dé tí wọ́n fi ń pa mí kí n tó gbọ́wọ́ sókè?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú Albion Online ni. Géèmù náà kì í ṣe tuntun láyé, èmi ni àlejò inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Sandbox Interactive ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló ṣe é. Wọ́n gbé e jáde fún kọ̀ǹpútà ní 2017, ó sì dé orí fóònù ní 2021, orí fóònù yẹn ló sì ti bá wa ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹnu àwọn ará ilé àti ará àdúgbò ni àwọn ìbéèrè yìí ti jáde, mo kàn tò wọ́n ni.

Ìbéèrè (Màmá wa): Mo ní kí o wá jẹun, o ní o ò lè dá a dúró. Ṣé ìwọ lo ni fóònù ni àbí fóònù ló ni ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má bínú, Mà. Géèmù tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, inú fóònù ló ń gbé. Téèyàn bá ní kó dúró, á dúró dè é títí tí yóò fi jẹun tán. Ayé ti èyí kò sí nínú fóònù mi rárá. Inú ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà ló wà, lókè òkun. Fóònù mi á sọ fún sáfà pé mo fẹ́ rìn síbí, mo fẹ́ lu ẹni yẹn. Sáfà á pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀, á sì sọ ọ́ fún èmi àti fún gbogbo àwọn tó wà nítòsí mi. Èèyàn gidi ni wọ́n, láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Ta ni kí n ní kó dúró nítorí àmàlà? Tí mo bá gbé fóònù sílẹ̀ láàárín igbó, màá dúró síbẹ̀ bí ère, ẹni tó bá kọjá á sì fi mí ṣe bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ ìlú, kò séwu. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí mò ń tọrọ yẹn, mo fẹ́ fi sá wọ ìlú ni.

Ìbéèrè (àbúrò mi): Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní géèmù ìjà ni. Kí ló dé tó jẹ́ igi lẹ ń gé láti àárọ̀?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ mi jù. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, tí o bá pa ẹranko, idà á jábọ́ lára ẹ̀. Bí ẹranko ṣe ń rí idà gbé mì, kò yé mi. Níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo idà, gbogbo aṣọ àti gbogbo bàtà ló jẹ́ pé ẹnì kan tó ń ṣeré bíi tìrẹ ló rọ ọ́ tàbí tó rán an. Ohun márùn-ún la sì ń kó nínú igbó láti fi ṣe wọ́n: igi, òkúta, irin, òwú àti awọ. Ẹnì kankan ò ní sọ pé jagunjagun ni ọ́ tàbí adáhunṣe. Ohun tí o bá wọ̀ ni o jẹ́. Wọ ẹ̀wù irin, mú idà, o ti di jagunjagun. Bọ́ ọ sílẹ̀, mú ọ̀pá tó ń woni sàn, iṣẹ́ ti yí padà.

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an ni àwọn ìlú. Fort Sterling, lórí òkè yìnyín, ni èrè pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ sọ igi di pákó, bẹ́ẹ̀ sì ni igi tí à ń gé kò sí lágbègbè ẹ̀. Lymhurst wà láàárín igbó, ibẹ̀ ni èrè wà fún ẹni tó fẹ́ sọ òwú di aṣọ. Kò sí òwú nínú igbó yẹn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹrù lè máa rìn ni. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọjà tirẹ̀ àti iye tirẹ̀, ohun tí o sì fi pamọ́ sí báńkì ìlú kan, o ò lè rí i gbà ní ìkejì. O máa di ẹrù lé màlúù ni, kí o máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, kí o máa wẹ̀yìn. Ọmọ ìlú tí àwọn bàbá bàbá wa ṣòwò dé àríwá Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó lé wọn ní 1969, kò yẹ kó béèrè ìdí tí mo fi ń rà níbí tà lọ́hùn-ún.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá wá pa yín lọ́nà ńkọ́?

Ìdáhùn: Àwọ̀ ilẹ̀ ló máa sọ. Ní ilẹ̀ búlúù, èèyàn kì í pa èèyàn. Ní yẹ́lò, wọ́n lè lù ọ́ bolẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ ò lọ. Ní pupa àti dúdú, gbogbo ohun tó wà lára rẹ àti nínú àpò rẹ ti bọ́: díẹ̀ á bàjẹ́, ẹni tó pa ọ́ á kó ìyókù. Ó ń dun èèyàn o, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé ọjà náà ró. Tí idà kì í bá sọnù, ta ni yóò tún ra òmíràn lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ?

Ìbéèrè (Bọ̀ọ̀dá tó ń bá wa ṣáàjì fóònù): Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún, mo rí i. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pa ọ́ kí o tó gbọ́wọ́ sókè?

Ìdáhùn: Bọ̀ọ̀dá, àmì tó kún lókè fóònù yẹn, bí fóònù ṣe ń gbọ́ òpó tó wà nítòsí wa nìkan ló ń sọ. Láti òpó yẹn, ọ̀rọ̀ ṣì máa gba orí ilẹ̀ dé Èkó, kó tó wọ wáyà abẹ́ òkun. Ọ̀kan nínú àwọn wáyà náà, MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Èkó dé Pọtogí. Equiano ti Google, tí wọ́n fi orúkọ Olaudah Equiano sọ, gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, Pọtogí kan náà ló ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ nínú wáyà wọ̀nyí, ó sì ń sáré tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀, 14,000 kìlómítà. Ẹ pín in: 0.07 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ohun gbogbo bá dára tán nìyẹn, kò sì sí dátà olówó ńlá tó lè dín in kù. Ẹ wá fi ìrìn orí ilẹ̀ kún un, àti ìrìn láti Pọtogí dé ibi tí sáfà wà, àti ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH bá dì mọ́ òpó kan náà. Ẹni tí mò ń bá jà lè wà ní ìtòsí sáfà náà. Tirẹ̀ á ti dé kí tèmi tó kúrò ní Èkó.

Bó ṣe ń rí lójú mi nìyí. Màá tẹ̀ ẹ́ pé kí n sá. Èmi kò kúrò, ọ̀tá ò kúrò, ṣùgbọ́n àyà mi ṣì ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń mí, nítorí fóònù fúnra rẹ̀ ló ń ya ìyẹn, kò dúró de sáfà. Lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ti wà nílẹ̀. Èmi kò kú lójú ara mi rí, òkú mi ni mo máa ń bá.

Sáfà mẹ́ta ni wọ́n ní: Amẹ́ríkà, Éṣíà àti ti Yúróòpù tí wọ́n ṣí ní 2024. Ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ohun tí o kó jọ ní ọ̀kan kò bá ọ dé ìkejì. Ti Yúróòpù ló sún mọ́ wa jù. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó bá ń ṣeré láti ibí fi òwò bẹ̀rẹ̀, kó fi ìjà sílẹ̀ ná. Ọjà kò bèèrè bóyá o pẹ́ dé.

Ìbéèrè: Dátà ńkọ́?

Ìdáhùn: Gbígbé e sórí fóònù àti àtúnṣe tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Eré fúnra rẹ̀ kò jẹ tó wíwo fídíò rárá, torí àwòrán ti wà nínú fóònù, àṣẹ àti èsì nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé owó wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Kò sí. Títa fàdákà, tó jẹ́ owó inú géèmù, fún owó gidi lòdì sí òfin wọn, wọ́n sì lè ti àkáǹtì ẹni pa. Ohun tó dáa ni pé o lè fi fàdákà ra góòlù lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré, kí o fi góòlù yẹn san owó Premium, ìyẹn àfikún àǹfààní tí à ń sanwó fún nínú géèmù náà. Aláápọn kò ní yọ náírà kankan láti àpò rẹ̀.

Ìbéèrè (àbúrò mi): Ṣé kí n gbé e sí fóònù tèmi?

Ìdáhùn: Gbé e síbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ládùn, lẹ́tà inú rẹ̀ sì kéré débi pé ojú á máa ro ọ́, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá ra ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe, o ò ní fẹ́ sùn. Àmọ́ fídíò ti kún inú fóònù rẹ yẹn. Lọ pa díẹ̀ rẹ́ ná.