Kí Ẹ Tó Ra Hardtop Fún Jeep Yín, Ẹ Wo Ojú Ìsopọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kan pè mí láìpẹ́ yìí. Ó ti ra Jeep Wrangler onílẹ̀kùn mẹ́rin níhìn-ín ní Houston, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ó sì fẹ́ fi òrùlé líle pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di pé ọkọ̀ náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. "Àbúrò, èwo ni kí n rà, olódindi ni àbí alábala mẹ́ta?" Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, níbo lẹ máa gbé e sí?" Ó dákẹ́. Ó ní òun ò tíì ro ibẹ̀ dé.

Kí n tó lọ jìnnà: nílé, gbogbo ọkọ̀ gíga là ń pè ní jíìpù, ìbáà jẹ́ Prado, ìbáà jẹ́ Pathfinder. Wrangler ni mo ní lọ́kàn níbí, ọkọ̀ tí èèyàn lè ṣí lórí, tó lè yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, kó sì fi gun àpáta tàbí wọ ẹrẹ̀. Òrùlé líle tó ṣeé yọ lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ la ń pè ní hardtop. Ti CJ-7 tó jáde ní 1976, odindi ike kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, kó lọ wá aládùúgbò tí yóò bá a gbé e. Ìgbà tó di Wrangler ti ọdún 2007, tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí mọ̀ sí JK, ni wọ́n pín in sí mẹ́ta: abala kékeré méjì lókè orí awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í, ńlá kan lẹ́yìn. Ford Bronco tó padà sọ́jà ní 2021 náà gba ọ̀nà yẹn: abala mẹ́ta fún onílẹ̀kùn méjì, mẹ́rin fún onílẹ̀kùn mẹ́rin. Àwa tí a kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, tí a ń ṣe hardtop tiwa tà, ń ṣe oríṣiríṣi: èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà sílẹ̀ gẹ̀rẹ̀, èyí tí fèrèsé rẹ̀ tóbi, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ń ṣí.

Ohun tó mú wa pín in kò ṣòro láti rí. Hardtop onílẹ̀kùn mẹ́rin lé ní 50 kílò, ó sì fẹ̀ débi pé atẹ́gùn díẹ̀ ti tó láti já a gbà lọ́wọ́ èèyàn méjì. Abala iwájú, ẹnì kan á yọ ọ́, á tì í sí bùútù, á sì máa lọ. Àmọ́ gbogbo ibi tí a bá ti gé òrùlé ni a ti ṣí ọ̀nà fún omi. Òjò ò sì bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

Ẹ wo bí káfíńtà ṣe ń kan páànù. Ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kí páànù òkè lè gun ti ìsàlẹ̀ lórí. Kò sí káfíńtà gidi tí yóò fi etí páànù méjì kanra, kó wá fi gọ́ọ̀mù dí àárín wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí hardtop rí, àfi pé ti ọkọ̀ tún le díẹ̀: iwájú ni atẹ́gùn rẹ̀ ń gbà wá nígbà gbogbo, á sì máa ti òjò wọ gbogbo ihò tó bá rí. Nítorí náà, etí abala iwájú ló gbọ́dọ̀ gun ti ẹ̀yìn. Lábẹ́ ibi tó ti gùn ún, ó yẹ kí gọ́tà tóóró kan wà tí yóò gba omi tó bá yọ́ kọjá, tí yóò sì dà á síta ní ẹ̀gbẹ́. Rọ́bà ló ṣe ìkẹta. Oníṣẹ́ tí kò mọ iṣẹ́ á gbé gbogbo ẹrù lé rọ́bà lórí: á jẹ́ kí ojú méjì tó tẹ́jú kọjú síra, á ki rọ́bà sí wọn láàárín, á sì ní ó ti parí. Ọdún àkọ́kọ́ á dára. Nígbà tó bá yá, rọ́bà á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní lè wú padà mọ́, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí yín ní àtàrí.

Ibì kan wà tó máa ń da orí mi rú ju ibi yòókù lọ: oríta tí abala iwájú méjèèjì ti pàdé abala ẹ̀yìn. Etí mẹ́ta ló korí jọ síbẹ̀, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ kọrí sí ọ̀nà mìíràn níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe rọ́bà igun náà ní odindi nínú mọ́ọ̀dù, ẹ lè fọkàn balẹ̀. Bó bá jẹ́ pé rọ́bà méjì ni wọ́n fi abẹ gé, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí omi. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ojú mi kì í kọ́kọ́ lọ sí ibi tó ń dán. Igun yẹn ni mo máa ń wò.

Ọ̀rọ̀ ooru ló tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká mú abala kan tó gùn ní mítà kan àbọ̀, tí oòrùn ọ̀sán gbé kúrò ní dígíìrì 25 dé 65. Bí irin bá ni, kò ní gùn sí i tó mílímítà 1. Alumíníọ̀mù á lé díẹ̀ ní 1, fáíbà á tó bíi 2. Ike ABS á ju mílímítà 4 lọ. Ìdí nìyẹn tí ihò bóòtù lórí hardtop ABS fi gbọ́dọ̀ gùn bí ojú abẹ́rẹ́, kí ike náà lè máa rìn lábẹ́ bóòtù. Bí ihò náà bá rí róbótó tó sì há, ike á wú, á sì sán láti ibẹ̀. Dúdú máa ń gbóná ju funfun lọ, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ dúdú ni gbogbo èèyàn ń bèèrè lọ́wọ́ mi.

Nínú gbogbo wọn, fáíbà ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń gbé ọkọ̀ lọ sílé, mi ò ní fi ṣe àṣírí. Bó bá là, panẹ́lì-bítà tó mọ fáíbà lò á rí i dí ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ọwọ́ la fi ń tẹ́ ẹ sínú mọ́ọ̀dù, bí ẹni ń tẹ́ ẹní lórí ẹní, tí a sì ń fi résìnì, oje tó ń gan bó bá yá, rin ín. Ọwọ́ oníṣẹ́ tó ń kánjú á mú kí ibì kan nípọn, kí ibòmíràn fẹ́lẹ́. Bí wọn kò bá tíì kun inú rẹ̀ lọ́dà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn: ibi tó fẹ́lẹ́ á mọ́lẹ̀ yàtọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kì í bàjẹ́. Ní 2021 yẹn kan náà, Ford ní òun á pààrọ̀ gbogbo hardtop tí àwọ̀ rẹ̀ wà nínú ike, èyí tó wà lórí Bronco tí òun ti ṣe títí di ìgbà náà, nítorí pé ojú rẹ̀ ń bàjẹ́ bí omi àti ọ̀rinrin bá pọ̀. Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ wá rò ó wò ní Èkó, níbi tí aṣọ tí a sá kì í fẹ́ gbẹ lóṣù Okúdù.

Bí ẹ bá fẹ́ fi méjì wéra, ẹ mú ẹ̀fun ìkọ̀wé àti owó bébà kan lọ. Ẹ fi ẹ̀fun pa rọ́bà, ẹ dé òrùlé náà, ẹ ti gbogbo ìdè rẹ̀, ẹ tún ṣí i. Ibi tí ẹ̀fun kò bá kan lódì kejì, rọ́bà ò fọwọ́ kàn án. Ẹ wá fi owó bébà sáàárín, ẹ tún dé e, ẹ fà á: ó yẹ kó ṣòro fà díẹ̀ níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà ni omi. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi họ́ọ̀sì da omi sí i, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan jókòó sínú. Bó bá jẹ́ òkè lẹ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti jò.

Ẹ béèrè bóyá gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ní wáyà tó ń mú un gbóná àti wáìpà, àti bóyá wáyà náà bá ti ọkọ̀ yín mu. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti jẹ́ olórùlé aṣọ láti ilé-iṣẹ́ lè má ní wáyà náà rárá.

Ọ̀rọ̀ ẹrù: àgọ́ tí wọ́n ń so mọ́ orí ọkọ̀, ọ̀pá irin inú ọkọ̀ ló yẹ kó gbé e, nípasẹ̀ irin ìdábùú tí bóòtù rẹ̀ la òrùlé kọjá dé ara ọ̀pá náà. Ọ̀pá irin yẹn náà ló wà níbẹ̀ nítorí ọjọ́ tí ọkọ̀ bá takìtì. Hardtop, òjò àti oòrùn ló ń dá dúró, kódà kó jẹ́ alumíníọ̀mù. Ẹni tó bá ń tà á tó ní á gba ẹ̀mí yín là, ẹ bá ibòmíràn lọ.

Ẹ̀gbọ́n ti wá ra alábala mẹ́ta, fáíbà, funfun. Abala iwájú méjèèjì ti ní ìkọ́ lára ògiri gáréèjì rẹ̀. Ti ẹ̀yìn ló kù. Ó ní òun fẹ́ gbé e sí pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti ní kó lọ tún un rò.