Ipò wo ni ènìyàn wà láàárín àwọn apẹranjẹ?

Ẹni tó bá fọ́nnu pé ènìyàn ni ọ̀gá gbogbo apẹranjẹ, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló jẹ lánàá. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà o. Ohun tí ẹ̀dá ń jẹ ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ipò rẹ̀.

Ewéko wà ní ipò 1, nítorí pé oòrùn ló fi ń dáná oúnjẹ ara rẹ̀. Màlúù àti ehoro tó ń jẹ ewéko wà ní 2. Kìnnìún tó ń pa ẹfọ̀n jẹ wà ní nǹkan bíi 3. Nínú òkun, ẹja ń gbé ẹja tó ti gbé ẹja mì, ìdí nìyẹn tí ẹranko bíi béárì funfun ilẹ̀ yìnyín fi lè kọjá 5.

Àwa tí à ń jẹ tibí tọ̀hún ńkọ́? Ẹ pín oúnjẹ ọjọ́ kan sí ọ̀nà 100. Ká ní iṣu, gàrí, ẹ̀wà àti epo kó 80, ní ipò 1: 0.80 × 1, 0.80 nìyẹn. Ẹran màlúù kó 10, ní ipò 2: 0.20. Ẹja titus kó 10 tó kù, ká sì fi ipò tirẹ̀ sí 3.5: 0.35. Àròpọ̀ jẹ́ 1.35, ẹ fi 1 kún un, nítorí pé ẹni tó ń jẹun fi ipò kan ga ju oúnjẹ rẹ̀ lọ, ó di 2.35. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé ègé ẹran ni wọ́n ń kà. Gíráàmù tàbí kálórì ni kẹ́ ẹ fi pín in, kẹ́ ẹ sì mú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Ẹ má gbàgbé epo inú ọbẹ̀, ewéko ni òun náà. Ẹja òsìn sì lè tanni jẹ: bí wọ́n bá lọ ẹja mọ́ oúnjẹ tí wọ́n ń fún un, ipò rẹ̀ ga ju ti èyí tó ń jẹ àgbàdo lọ.

Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí kan láti ilẹ̀ Faransé ṣe ìṣirò yìí fún gbogbo ayé. Ní 2009, ipò ènìyàn jẹ́ 2.21. Bùrúńdì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú 2.04, Áísílándì tí ẹja pọ̀ sí wà lókè ní 2.57. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni 2.21 yẹn.

Àmọ́ abọ́ oúnjẹ kọ́ ló ń sọ bí a ṣe ń pa ẹran tó. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń dàrú. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí ní Kánádà fi pípa tiwa wé ti àwọn apẹranjẹ mìíràn: à ń kó ẹja tó ti dàgbà tó ìgbà 14 iye tí wọ́n ń kó, a sì ń pa àwọn ẹranko apẹranjẹ fúnra wọn tó ìgbà 9 iye tí wọ́n ń pa ara wọn.

Ọ̀rọ̀ "tó ti dàgbà" yẹn ló wúwo jù. Ọmọ, arúgbó àti aláìsàn ni ìkookò sábà máa ń mú. Àwa ń wá èyí tó tóbi jù, bẹ́ẹ̀ abo ẹja ńlá kan lè yé ẹyin ju ọ̀pọ̀ kéékèèké lọ. Bí àwọ̀n bá ń kó àwọn ńlá lọ lọ́dọọdún, àwọn tó ń tètè yé ẹyin ní kékeré ló ń ṣẹ́kù, ẹyin wọn ò sì tó nǹkan. Ẹja òkun tí wọ́n ń pè ní cod, ní etíkun Newfoundland ní Kánádà, tán débi pé ìjọba Kánádà fòfin de pípa rẹ̀ ní 1992. Ọgbọ̀n ọdún kọjá, kò tíì padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn ẹranko ti dáhùn ìbéèrè náà lọ́nà tiwọn. Ní agbègbè ọgbà ẹranko ìgbẹ́ Kruger ní South Africa, àwọn olùwádìí gbé ẹ̀rọ tó ń gbóhùn jáde sí etí adágún omi táwọn ẹranko ti ń mu omi. Èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Nígbà mìíràn kìnnìún ló ń kùn, nígbà mìíràn ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, láìsí ariwo. Àgùnfọn, ẹkùn, erin àti àgbáńréré, ohùn ènìyàn ni gbogbo wọn sá fún jù.