Bí ẹ̀rọ GPS orí kẹ̀kẹ́ ṣe ń ṣe nígbà tí a bá fo àmì kan lójú ọ̀nà

Kẹ̀kẹ́ ń lọ geere lójú ọ̀nà tó tọ́, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń pariwo pé kí a ṣẹ́rí padà síbi àmì tí a ti kọjá, ìyẹn ibi tí a ti sàmì sí lórí máàpù pé kẹ̀kẹ́ yóò gbà. Sátẹ́láìtì lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi, aláìṣẹ̀ sì ni. Sátẹ́láìtì GPS wà lókè ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà, kò mọ títì, kò mọ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Àkókò àti ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà ló ń kéde. Ẹ̀rọ ló ń fi ìkéde sátẹ́láìtì mẹ́rin, ó kéré tán, ṣírò ibi tí òun wà. Inú fáìlì tí a kó sínú ẹ̀rọ ni ẹjọ́ náà wà.

Oríṣi méjì ni fáìlì GPX, irú fáìlì tí a fi ń kó ọ̀nà sínú ẹ̀rọ, lè gbà gbé ọ̀nà. Ẹni tó bá ṣí i bí ìwé yóò rí rtept tàbí trkpt níwájú àmì kọ̀ọ̀kan. Rtept ni ti route: àmì díẹ̀, bóyá 20 fún ìrìn 80 kìlómítà, tí ẹ̀rọ yóò fi máàpù tirẹ̀ wá ọ̀nà láti ọ̀kan dé èkejì. Trkpt ni ti track: àmì kéékèèké tó lè wọ ẹgbẹ̀rún, tí wọ́n tò tẹ̀ léra bí ipasẹ̀ ẹni tó ti kọjá.

Route dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ pé kó ya ilé kìíní, kó ya ìkejì, kó ya ìkẹta, kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò ní òye àtifi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà tán, ó rántí pé òun ò ya ilé kejì, ó ní dandan ni kí òun padà.

Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé òun ti ya ilé? Ó máa ń fa òbìrìkìtì yí àmì ká, bí a bá ti wọnú rẹ̀, ó parí. Ká ní láti àmì dé etí òbìrìkìtì jẹ́ mítà 20. Kẹ̀kẹ́ tó ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan ń rìn mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá gba àárín gan-an kọjá, ó lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin nínú rẹ̀. Bó bá gba ibi tó jìn sí àmì ní mítà 18, kò tó méjì, àṣìṣe mítà márùn-ún péré sì ti tó láti mú kí ẹ̀rọ gbà pé kò wọbẹ̀ rárá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹni tó ya àwòrán ọ̀nà náà ò sún máàpù mọ́ra dáadáa, àmì wá bọ́ sínú ọ̀nà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ojú ẹ̀rọ yóò sọ ọ́: ọfà yí sẹ́yìn, iye mítà tó kù sì ń pọ̀ sí i, 30, 50, 120, dípò kó máa dín kù.

Àwọn atukọ̀ ojú òkun ti rí ojútùú rẹ̀ tipẹ́. Nínú ìlànà NMEA 0183 tí àwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ojú omi fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìkìlọ̀ tó ń jẹ́ AAM máa ń dáhùn ìbéèrè méjì: ṣé ọkọ̀ ti wọ òbìrìkìtì? Ṣé ó ti ré ìlà tó dábùú ọ̀nà níbi àmì kọjá? Ẹni tó bá ti ré ìlà náà kọjá ti kọjá àmì, ì báà jìn sí i ní igba mítà. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì yẹ kó wà nínú gbogbo ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́.

Track kì í béèrè bóyá a dé àmì kan. Ohun tó ń wò ni bí a ṣe jìn tó sí ìlà tí àwọn àmì kéékèèké rẹ̀ para pọ̀ jẹ́. Bí a bá yà kúrò nítorí ọ̀nà tó dí, ó kìlọ̀. Bí a bá padà bá ìlà níwájú, ó gbà á bẹ́ẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ibi tí ìlà ti gun orí ara rẹ̀ ni wàhálà tirẹ̀. Ní oríta tí a máa gbà ní kìlómítà 12 tí a ó sì tún gbà ní 57, ibi méjèèjì ló wà lábẹ́ táyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tó dáa yóò wo ibi tí a ti ń bọ̀ àti ibi tí a kọjú sí. Èyí tó ń wo ìlà tó sún mọ́ jù nìkan lè fo 45 kìlómítà lójijì. Bí ìrìn bá jẹ́ yíyí ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tí a kọjú sí ò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Bí ẹ̀rọ bá kú lójú ọ̀nà tí a tún tàn án, ńṣe ló ń méfò. Kí a gé fáìlì bẹ́ẹ̀ sí méjì tàbí mẹ́ta.

Fún ìrìn tí a mọ̀ pé a ó yà nínú rẹ̀, track ni kí a kó sínú ẹ̀rọ, kí a sì pa àtúnṣírò ọ̀nà kó má baà fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Bó bá jẹ́ route ni dandan, kí àmì má ṣe wà lórí oríta; kí ó wà ní nǹkan bí 50 sí 100 mítà lẹ́yìn rẹ̀, lórí títì gan-an. Bí ìrìn bá sì máa parí síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí a fi àmì ìparí sí 100 mítà ṣáájú ibẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ kan lè kí wa kú oríire àbọ̀ kí a tó fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà.