Washington: ìlú ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ni, àbí ènìyàn?

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi kan ní orúkọ ààrẹ àkọ́kọ́ ni wọ́n fi sọ olú-ìlú Amẹ́ríkà. Ẹlòmíì ní ìlú kan ti ń jẹ́ Washington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́tipẹ́. Ta ló tọ̀nà?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú. Ó wà lápá àríwá, nítòsí Sunderland. Ìtumọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́ ni ilẹ̀ àwọn ará ilé Hwæsa, bí àwa náà ṣe ń fi orúkọ baálé pe agboolé. Ní nǹkan bí ọdún 1183, William de Hertburn fi ilẹ̀ rẹ̀ ní Hartburn ṣe pàṣípààrọ̀, ó gba Washington, ló bá di William de Wessyngton. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi téèyàn ti wá ni wọ́n sábà fi ń pè é: Ìyá Ìjẹ̀bú, Bàbá Ọ̀ffà. Ti ọkùnrin yìí, ibi tó kó lọ ló gbà jẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe wá dé Amẹ́ríkà?

Ìdáhùn: John Washington, bàbá bàbá bàbá George Washington tó di ààrẹ àkọ́kọ́, ló gbé e dé Virginia ní nǹkan bí ọdún 1656. Ọdún 1791 ni wọ́n fi orúkọ George sọ olú-ìlú. Ẹ wo àsíá ìlú náà: ìràwọ̀ pupa mẹ́ta, ìlà pupa méjì lórí funfun. Àmì ìdílé Washington láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an nìyẹn.

Ti ìpínlẹ̀ Washington ló pa mí lẹ́rìn-ín. Columbia làwọn ará ibẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ní 1853. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní àwọn ènìyàn á máa ṣì í mú fún District of Columbia, àgbègbè tí olú-ìlú Washington wà, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Washington!

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jẹ́ ẹ?

Ìdáhùn: Nínú ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ọdún 2000, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ni. Nígbà tí oko ẹrú parí ní Amẹ́ríkà ní 1865, ọ̀pọ̀ ló fúnra wọn yan orúkọ ìdílé. Ẹ wo Booker T. Washington, gbajúmọ̀ olùkọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sóko ẹrú. Booker lásán ni wọ́n ń pè é nílé. Ó dé iléèwé, tíṣà ń pe orúkọ, ó rí i pé orúkọ méjì-méjì làwọn yòókù ní. Kó tó kàn án, ó ti ro tirẹ̀ sílẹ̀: “Booker Washington.” Washington sì ni orúkọ àbísọ ọkọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó gbọ́ pé ìyá òun ti sọ òun ní Taliaferro rí. T tó wà láàárín nìyẹn.