Ọgbà inú aṣálẹ̀ Las Vegas: omi wo ló ń padà, omi wo ló ń lọ

Òjò tó ń rọ̀ ní Las Vegas lọ́dún kan gbáko ò ju bí ínṣì mẹ́rin lọ. Inú aṣálẹ̀ Mojave nìlú yẹn wà, ní ìpínlẹ̀ Nevada l'Amẹ́ríkà, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún koríko ni wọ́n ń gbìn kiri, iwájú ilé, àárín títì, iwájú ọ́fíìsì, gbogbo ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ní báyìí wọ́n ti ń hú u dànù, owó gan-an ni wọ́n ń san fáwọn èèyàn kí wọ́n lè hú u. Kéèyàn tó lóye ìdí ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tómi ìlú yẹn ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá omi tí wọ́n ń lò, Lake Mead ló ti ń wá, ìyẹn adágún tí odò Colorado ṣe lẹ́yìn ìsédò ńlá tí wọ́n ń pè ní Hoover Dam. Odò kan náà yìí ni California ń mu, Arizona ń mu, orílẹ̀-èdè Mexico náà ń mu níbẹ̀, wọ́n sì ti pín in látijọ́. Òfin ọdún 1928 fún California ní acre-foot mílíọ̀nù 4.4 lọ́dún, Arizona gba mílíọ̀nù 2.8, Nevada wá gba 300,000 péré. Acre-foot kan ni omi tó máa bo éékà ilẹ̀ kan tó sì máa jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìlú kékeré ni Las Vegas nígbà yẹn, ta ló fẹ́ rò pé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì máa wá tẹ̀dó ságbègbè yẹn, ìpín náà ò sì yí padà títí dòní.

Omi tí wọ́n fi wẹ̀, tí wọ́n fi fọ abọ́, tí wọ́n fi ṣan tọ́ílẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ ló ń gba páìpù lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, lẹ́yìn náà á gba ojú odò kan tó ń jẹ́ Las Vegas Wash padà sínú Lake Mead. Èyí tó bá padà, wọ́n máa ń kà á fún Nevada, wọ́n sì lè tún iye ẹ̀ fà. Torí náà omi inú ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọnù rárá. Ti ìta ni wàhálà. Omi tí wọ́n bá fọ́n sórí koríko, oòrùn á fà á, afẹ́fẹ́ á gbé e, èyí tí koríko bá sì mu, ó máa gba ara ewé jáde padà sínú afẹ́fẹ́ ni, ó ti lọ nìyẹn, kò sí páìpù tó lè dá a padà. Southern Nevada Water Authority tó ń bójú tó omi níbẹ̀ ti wọ̀n ọ́n: ilẹ̀ koríko tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó àti níbùú ń mu bíi gálọ̀nù 73 lọ́dún, tí wọ́n bá wá fi igi aṣálẹ̀ rọ́pò ẹ̀, bíi 55 nínú ẹ̀ ni wọn ò ní nílò mọ́. Ilé tó bá hú ẹgbẹ̀rún kan irú ẹ̀, gálọ̀nù 55,000 nìyẹn lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí Nevada fi ṣe òfin kan lọ́dún 2021 pé koríko tó kàn wà fún ẹwà, irú ti àárín títì àti iwájú ọ́fíìsì tẹ́nikẹ́ni kì í jókòó sí tọ́mọdé kì í sì í ṣeré lórí ẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ fi omi odò Colorado bomi rin ín mọ́ tí ọdún 2026 bá ti parí. Òfin yẹn ò kan iwájú ilé àdáni o, owó ni wọ́n fi ń fa àwọn onílé mọ́ra.

Ó wá ku kí wọ́n mọ nǹkan tí wọ́n máa gbìn. Igi aṣálẹ̀ náà ń mu omi, ọ̀nà tó gbà ń ṣọ́ omi ná ló yàtọ̀. Ewé ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn máa ń la ihò wẹ́wẹ́ ara ẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án kó lè fa afẹ́fẹ́ tó fi ń ṣe oúnjẹ wọlé, bí ihò yẹn bá sì ti là, omi ń gbabẹ̀ sá lọ ni. Agave àti kákítọ́ọ̀sì, àwọn ohun ọ̀gbìn aṣálẹ̀ tó máa ń tọ́jú omi sára, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Alẹ́ tílẹ̀ bá ti tutù ni wọ́n ń la tiwọn, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ yẹn, wọ́n á sọ ọ́ di oje kíkan, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ sínú, tójúmọ́ bá wá mọ́ wọ́n á ti ihò pa, wọ́n á máa fi èyí tí wọ́n ti tọ́jú ṣe oúnjẹ nínú oòrùn láìjẹ́ kí omi jáde. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn jàre. Igi aṣálẹ̀ tó ń jẹ́ palo verde ní tiẹ̀, èèpo igi ẹ̀ látòkè délẹ̀ ló jẹ́ àwọ̀ ewé, bí ọ̀dá bá le ó máa wọ́wé dànù, èèpo náà á sì máa ṣe iṣẹ́ tí ewé ń ṣe. Mesquite, igi aṣálẹ̀ míì, gbójú lé gbòǹgbò, wọ́n ti rí gbòǹgbò ẹ̀ nínú ibi ìwakùsà kan lẹ́bàá ìlú Tucson ní Arizona tó jìn ju àádọ́jọ ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ òdòdó, kó gbin desert willow tàbí red yucca.

Bí wọ́n ṣe ń bomi rin ín wá ṣe pàtàkì gan-an, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń nà yí ọgbà ká, wọ́n á fi ẹnu kéékèèké há a lára, ẹnu kọ̀ọ̀kan á máa kán omi díẹ̀díẹ̀, irú èyí tó ń kán gálọ̀nù kan ní wákàtí kan wọ́pọ̀. Wọ́n máa ń fi fíltà sí i torí ìdọ̀tí, wọ́n sì máa ń fi nǹkan dín agbára omi kù torí bó ṣe ń tì wá láti páìpù ìlú le jù fún rọ́bà yẹn, ó lè tú u ká. Kì í ṣe kí wọ́n máa ta omi díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ o. Omi Colorado ní iyọ̀ nínú, tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, iyọ̀ yẹn á dúró sókè lọ́dọ̀ gbòǹgbò, etí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Kí wọ́n fún un dáadáa kó wọlẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n wá fi í sílẹ̀ kílẹ̀ gbẹ. Mesquite tí wọ́n ń bomi rin bíi koríko, òkè ni gbòǹgbò ẹ̀ máa wà, orí ẹ̀ á sì yára wúwo, tí atẹ́gùn ìjì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá dé ó máa wó lulẹ̀ tigbòǹgbò tigbòǹgbò.

Àwọn ibì kan wà tílẹ̀ ti ní ìpele líle kan nísàlẹ̀, funfun bí ẹfun, tó le bíi kọnkéré, ṣọ́bìrì ò lè wọ̀ ọ́, dígà ni wọ́n fi ń fọ́ ọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ ọ já, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi máa dúró sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ láti gbin igi, gbòǹgbò á jẹrà, igi á kú, wọ́n á sì máa rò pé òǹgbẹ ló pa á.

Àwọn míì máa hú koríko tán, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ bo gbogbo ilẹ̀ láì gbin nǹkan kan. Èyí ò dáa rárá. Òkúta ń gba ooru lọ́sàn-án, ó ń tú u jáde lóru, ilé á gbóná, owó iná éásì á sì lọ sókè. Southern Nevada Water Authority tó ń sanwó fáwọn tó bá hú koríko náà mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ pé ohun ọ̀gbìn gbọ́dọ̀ lè bo ó kéré tán ìdajì ilẹ̀ náà tó bá dàgbà. Igi tó ń ṣe ibòòji, ìhà ìwọ̀ oòrùn ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ wà, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń dáná sun ògiri.

Oṣù kẹwàá ló dáa jù láti gbìn ín, kí gbòǹgbò lè ráyè wọlẹ̀ kí ooru oṣù kẹfà tó dé. Ọdún kìíní sí ìkejì, igi aṣálẹ̀ pàápàá nílò omi déédéé. Bó ṣe ń fẹ̀ sí i ni kí wọ́n máa sún àwọn ẹnu tó ń kán omi kúrò nídìí ẹ̀ lọ síbi tí etí ẹ̀ka ẹ̀ dé, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò tó ń mu omi wà. Kí wọ́n sì máa yí táímà padà bí àsìkò bá ṣe ń yí, òfin ibẹ̀ kúkú ti sọ pé nígbà òtútù, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni kálukú lè bomi rin ọgbà.