Aerogel: ọ̀nà jíjìn láti inú ìkòkò irin dé inú bátìrì ọkọ̀

Tí èèyàn bá já ewé lára ẹ̀kọ, tó wá gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì di ọjọ́ kejì, yóò bá a pé ó ti sún kì, ó ti le, ara rẹ̀ sì ti sán. Omi inú rẹ̀ ló ń gbẹ lọ tó ń fa ara rẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí fún jẹ́lì tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń fi sílíkà, èròjà inú yanrìn, ṣe. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1920, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ California, Samuel Stephens Kistler, fẹ́ mọ̀ bóyá jẹ́lì ní eegun tirẹ̀ nínú, àbí omi nìkan ló gbé e ró. Bó bá ní eegun lóòótọ́, ó yẹ kí èèyàn lè yọ omi kúrò, kí ó fi afẹ́fẹ́ dípò rẹ̀, kí jẹ́lì náà má sì sún kì rárá. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Charles Learned ló ta tẹ́tẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ ni lóòótọ́, Kistler ló jẹ ẹ́, torí ní 1931 ó kéde nínú ìwé ìròyìn Nature pé eegun wà, òun sì ti rí i.

Ojú omi ló ń ba jẹ́lì jẹ́. Bí omi bá ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú àwọn ihò tín-ń-tín inú rẹ̀, ojú omi yẹn á máa fa ògiri ihò mọ́ra títí wọn ó fi wó. Ọgbọ́n tí Kistler dá ni pé kò jẹ́ kí olómi inú jẹ́lì ní ojú rárá. Ó kọ́kọ́ fi sípíríìtì lé omi jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí pé omi tó bá gbóná kọjá ààlà máa ń yọ́ sílíkà. Lẹ́yìn náà ó gbé e sínú ìkòkò irin, ó dé e pa, ó dáná sí i títí ó fi kọjá nǹkan bíi dígírì Celsius 240. Tí ooru àti ìfúnpá bá ti tó ibẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ mọ́ láàárín olómi àti gáàsì. Ìgbà yẹn ló wá rọra tú u sílẹ̀. Eegun jẹ́lì ló kù nínú ìkòkò, odindi, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Òun ló pè ní aerogel. Kò fi mọ sórí sílíkà o. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún alumina, fún gelatin, àní fún funfun ẹyin pàápàá.

Nígbà tó di 1934, òun àti onímọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Caldwell wọn bí ooru ṣe ń gba inú aerogel sílíkà kọjá. Ooru ń lọ́ra nínú rẹ̀ ju bó ti ń ṣe nínú afẹ́fẹ́ lásán lọ. Kì í ṣe ohun kékeré, torí afẹ́fẹ́ tó bá dúró jẹ́ẹ́ ni gbogbo òwú àti fóòmù ìdènà ooru gbójú lé. Inú ihò ni àṣírí náà wà. Ẹyọ afẹ́fẹ́ kan máa ń rìn tó nǹkan bíi nanometer 70 (mílíọ̀nù nanometer ló wà nínú mìlímítà kan) kí ó tó kọlu ẹyọ mìíràn kí ó sì fi ooru lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ihò inú aerogel kì í sábà ju nanometer 20 sí 40 lọ. Ògiri ni ẹyọ afẹ́fẹ́ náà ń forí sọ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ògiri ọ̀hún fúnra rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì rí wọ́gọwọ̀gọ, ooru kò rí ọ̀nà tààrà gbà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ dídúró ń gba 0.026 watt kọjá fún mítà àti dígírì kọ̀ọ̀kan. Aerogel tó dáa lè lọ sílẹ̀ dé 0.013. Nínú èyí tó fúyẹ́ jù nínú wọn, afẹ́fẹ́ ju ìdá 99 nínú 100 lọ.

Èyí túmọ̀ sí pé kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé aerogel lè dènà ooru ju ohun tí wọ́n ń lò lọ. Síbẹ̀, ó tó ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ kí páìpù tó wọ ọ́ bí aṣọ. Lójú tèmi, gbígbẹ ló fa gbogbo ìdádúró yẹn. Gbígbẹ rẹ̀ ń gba àkókò, ó ń gba owó, ó sì léwu.

Ilé iṣẹ́ Monsanto gba àṣẹ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, wọ́n ń ṣe é ní Everett ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Santocel ni wọ́n sì pè é. Èyí tó dà bí ìyẹ̀fun ni wọ́n ń tà. Wọ́n ń fi pa dídán ọ̀dà, wọ́n ń fi mú nǹkan ki, díẹ̀ sì bọ́ sínú ògiri fìríìsà láti dènà ooru. Nígbà tí sílíkà mìíràn tó dínwó ju tiwọn lọ gba ọjà, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì ní nǹkan bíi 1970.

Àwọn ará Faransé ló jí i. Ìjọba wọn ń wá ohun tí yóò gba epo rọ́kẹ́ẹ̀tì sára, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Stanislas Teichner ní Yunifásítì Lyon. Ọ̀nà Kistler ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ẹyọ kan tó jáde, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń fọ̀ àti omi tí wọ́n ń pààrọ̀. Teichner àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yí ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà: wọ́n fi èròjà sílíkà tó ń yọ́ nínú methanol, irú sípíríìtì kan, ṣe jẹ́lì, tó fi jẹ́ pé láti inú methanol gan-an ni jẹ́lì ti ń dì. Kò sí omi tó pọ̀ láti lé jáde mọ́.

Ṣùgbọ́n methanol ń gbiná. Ní Sweden, àwọn onímọ̀ físíìsì Yunifásítì Lund nílò aerogel ńláńlá tó mọ́ gaara, tí wọn yóò fi máa dá àwọn ẹ̀yà tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ mọ̀. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Sjöbo, wọ́n gbé ìkòkò irin kan síbẹ̀ tó ń gba lítà 3,000. Ẹ ronú lítà 3,000, methanol kún inú rẹ̀, ó gbóná kọjá dígírì 240, ìfúnpá rẹ̀ sì ju ti afẹ́fẹ́ ojú ayé lọ ní ìlọ́po 80. Ní 1984, ìdérí náà jò. Methanol kún inú ilé, iná ràn án, ilé iṣẹ́ wó palẹ̀. Orí ló kó wọn yọ tí ẹnikẹ́ni kò fi kú. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Arlon Hunt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley ní California ló mú iná kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà láàárín àwọn ọdún 1980. Bí jẹ́lì bá ti dì tán, wọ́n á fi carbon dioxide olómi lé ọtí inú rẹ̀ jáde. Gáàsì tó ń hó nínú míńírà ni carbon dioxide yìí, kì í gbiná, dígírì 31 péré ló sì ti ń kọjá ààlà olómi àti gáàsì, tí ìfúnpá bá jẹ́ ìlọ́po 73 ti afẹ́fẹ́ ojú ayé. Dígírì 31 kò tó ooru ara èèyàn. Òun ni mo kà sí ìyípadà tó tóbi jù lẹ́yìn ti Kistler fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń sọ ìtàn aerogel máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n lè tètè dé ọ̀dọ̀ NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

NASA náà ṣe tirẹ̀. Ọkọ̀ kékeré Sojourner tó rìn lórí Mars ní 1997 ní aerogel lára àpótí ohun èlò rẹ̀, kí òtútù òru ibẹ̀ má baà pa wọ́n. Ọkọ̀ òfuurufú Stardust fi aerogel mú eruku ìràwọ̀ onírù kan, ó sì gbé e wálé ní 2006. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n lò níbẹ̀ kò ṣeé wé mọ́ páìpù: bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á fọ́ wẹ́wẹ́. Ohun tí James Fesmire àti àwọn tó wà ní Kennedy Space Center, ibùdó NASA kan, ń wá ní àwọn ọdún 1990 ni èyí tó ṣeé ká, fún páìpù àti táǹkì tó ń gbé hydrogen olómi, tó tutù dé dígírì −253. Ilé iṣẹ́ Aspen Systems ní Massachusetts gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì da èròjà jẹ́lì sórí òwú kí ó tó dì, wọ́n wá gbẹ ẹ́ tòwú-tòwú. Sílíkà inú rẹ̀ ṣì ń fọ́ o, ṣùgbọ́n òwú dì í mú, aṣọ náà sì ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní 2001 ni Aspen Aerogels yọ jáde gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tó dá dúró.

Ibùdó ìfọpo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á gan-an. Òwú tó nípọn, tí wọ́n fi àpáta yíyọ́ ṣe, ni wọ́n ń wé mọ́ páìpù tẹ́lẹ̀. Tí omi òjò bá wọ abẹ́ páànù tó bò ó, òwú á mu ún, páìpù á sì máa dógùn-ún níbi tí ojú kò tó. Aṣọ aerogel kì í mu omi. Mìlímítà 10 ni ìpele kan lè jẹ́, òṣìṣẹ́ á fi ọ̀bẹ gé e, á wé e lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, á fi wáyà dì í, páànù á sì bò ó. Ohun kan tó ń bí wọn nínú ni eruku rẹ̀: ó ń mú ọwọ́ gbẹ fúrúfúrú, nítorí náà ìbọ̀wọ́ àti ìbomú kò ṣeé fi sílẹ̀ nílé.

Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, Corvette ti 2014 lò ó sí ihò àárín ìjókòó tí gíá ń gbà, kí ooru má baà wọlé bá awakọ̀. Ìyẹn jẹ́ ti olówó. Bátìrì ọkọ̀ oníná ló sọ ọ́ di ọjà ńlá. Bí ẹyọ kan nínú bátìrì lithium bá ṣàdédé gbóná kọjá agbára, á mú ẹnìkejì rẹ̀ gbóná, iná á sì máa ràn láti ọ̀kan dé èkejì. Wọ́n ń fi pẹlẹbẹ aerogel tí kò ju mìlímítà mélòó kan lọ sáàárín wọn, kí èyí tó ń jó máa dá jó. General Motors wà lára àwọn tó ń ra ti Aspen. Ní China, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ní kí ọkọ̀ kìlọ̀ fún èrò inú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán kí ewu bátìrì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Fóòmù dínwó ju aerogel lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nínú àpótí tí kò ti sí àyè, tí gbogbo gíráàmù ń dín ìrìn ọkọ̀ kù, ìṣẹ́jú 5 yẹn ni wọ́n ń san owó lé.