Kẹ́ ẹ tó náwó ńlá sórí sípíkà míì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin, tẹ́ ẹ ti ń wo sípíkà ilé yín tìkà-tẹ̀gbin látìgbà tẹ́ ẹ ti gbọ́ ti ọ̀rẹ́ yín kan, ẹ fara balẹ̀ ná. Iṣẹ́ mi ní Ìkòròdú níbí ni kí n máa to sípíkà sílé fáwọn èèyàn, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, torí náà mi ò ní kẹ́ ẹ má ra nǹkan o. Ohun tí mò ń rí ṣáá ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní òun gbọ́ ìyàtọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ariwo tó lé díẹ̀ ló gbọ́, òun ló sì lọ sanwó fún.

Bó ṣe máa ń rí rèé. Oníṣọ́ọ̀bù á so oríṣi sípíkà méjì mọ́ ámpù (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) kan náà, á máa tẹ bọ́tìnì láti orí èyí bọ́ sórí ìyẹn, kò ní fọwọ́ kan fólúùmù rárá, ẹ̀yin náà á sọ pé ṣé ẹ ò rí i pé kò sí màgòmágó níbẹ̀. Ó wà! Iná kan náà tẹ́ ẹ fún sípíkà méjì, ohùn tó máa jáde ò ní dọ́gba. Sensitivity ni wọ́n ń pè é, ó máa ń wà nínú ìwé tó bá sípíkà wá: wọ́n á fún un ní wáàtì 1, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn sí mítà 1 síwájú ẹ̀, iye dB (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ké tó) tó bá mú jáde ni wọ́n á kọ. Èyí tí wọ́n kọ 88 sí máa ké ju èyí tó jẹ́ 85 lọ, àmọ́ etí wa kì í sọ fún wa pé "èyí ń ké jù", ohun tó máa sọ ni pé "èyí mà dùn o, ohùn ẹ̀ mọ́". Bó jẹ́ dB kan péré ni wọ́n fi jura, ó tó láti fọ́ èèyàn lójú. Fletcher àti Munson, àwọn olùwádìí ní iléeṣẹ́ Bell Labs l'Amẹ́ríkà, ti fi hàn láti 1933 pé tí ohùn bá ti lọ sílẹ̀, bass (ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo) ni etí wa kọ́kọ́ ń pàdánù, ìdí nìyẹn tí sípíkà tó bá rọra sọ̀rọ̀ fi máa ń dà bíi pé kò ní bass.

Torí náà ẹ bá wọn ṣe é dọ́gba. Ẹ wa app tó ń wọn ohùn sórí fóònù yín, ẹ fi pink noise sí i (ariwo ṣáá-ṣáá bí ìgbà tí rédíò ò bá mú), ẹ gbé fóònù síbi tí etí yín máa wà gan-an, kẹ́ ẹ wá máa yí fólúùmù títí nọ́ńbà méjèèjì á fi bára mu, ẹ fi báírò sàmì sí ibi tí fólúùmù dúró fún kálukú. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó lè sọ pé ẹ fẹ́ gbọ́ nǹkan.

Orin wo lẹ máa fi dán an wò? Oníṣọ́ọ̀bù ní orin tiẹ̀, ẹ má gbà. Ẹ mú èyí tẹ́ ẹ ti mọ̀ dáadáa láti ilé. Èmi, àwo àpàlà àtijọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé sí i. Ẹ tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tweeter (ẹnu kékeré ara sípíkà tó ń mú ohùn tín-ín-rín jáde) tó dáa á jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń bọ́ sára igbá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí ò dáa á kàn máa ṣe ṣìì bí omi tó ń dà. Ẹ wá bọ́ sórí gángan. Gángan ló máa ń tú àṣírí sípíkà fún mi, torí ohùn àárín ló wà, ibẹ̀ náà lohùn èèyàn wà. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ìlù ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ò gbọ́ ohun tó ń wí, oríkì ń lọ ẹ ò sì mọ ta ni wọ́n ń kì, ẹ gbàgbé sípíkà yẹn, iye yòówù kí wọ́n pè é. Jùjú ni mo máa ń fi wo bass ní tèmi, torí gìtá bass ibẹ̀ máa ń rìn lọ rìn bọ̀, gbogbo nóòtì ẹ̀ ló yẹ kó dúró lọ́tọ̀, kó má di gbùù kan ṣoṣo.

Ojú náà tún ń parọ́ o. Ní 1994, Floyd Toole àti Sean Olive tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Harman, iléeṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà, kó àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jọ pé kí wọ́n máàkì sípíkà, wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ bò ó, nígbà míì wọ́n ṣí i. Nígbà tójú rí i, èyí tó tóbi tó rẹwà ni máàkì ẹ̀ ń gòkè, èyí tó kéré tí ò wọ́n wá sílẹ̀. Fi aṣọ bò ó, ìyàtọ̀ tí wọ́n ń rí wá dín kù. Ẹ̀yin náà, ẹ ta kọ́tìnì fẹ́lẹ́ síwájú ẹ̀, kí ọmọ yín máa bá yín yí i, kó má sì sọ èyí tó ń kọ.

Pálọ̀ ńkọ́? Ibi tí owó ń bá lọ nìyí. Alàájì kan ní Ìgbógbó pè mí pé "Ẹnjiníà, ẹ bá mi wá èyí tó tóbi ju báyìí lọ, èyí ti ń dún gbùù." Mo débẹ̀, sípíkà tó ga dé àyà èèyàn, ọjà tó dáa gan-an ni, ó há sí kọ̀rọ̀ méjèèjì, àga fara ti ògiri ẹ̀yìn, ilẹ̀ tàìsì, fèrèsé gíláàsì, kò sí rọ́ọ̀gì. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ohùn ẹ̀ ń dá mi lóhùn. Pálọ̀ yẹn gùn tó mítà 4, tí pálọ̀ bá sì gùn tó báyẹn, bass tó wà ní bíi 43 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní sẹ́kọ́ńdù kan) máa dúró síbẹ̀ á máa wú, okùn tó nípọn jù lórí gìtá bass sì wà ní 41 Hz, ẹ wá rí i pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ta okùn yẹn ni ògiri á bá wọn kọrin. Sípíkà tó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, á kàn fi kún un ni. A fa sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀, a tẹ́ rọ́ọ̀gì, a ta kọ́tìnì tó nípọn, mo ní ká gbé àga síwájú díẹ̀, Alàájà ní àga òun ò ní dúró sí àárín pálọ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́tò. A jọ dúnàádúrà, a sún un díẹ̀. Gbùù yẹn ò tán pátápátá ṣùgbọ́n Alàájì ò ra nǹkan kan mọ́.

Ọ̀rọ̀ ámpù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Tí sensitivity bá fi dB 3 kéré, ẹ nílò wáàtì ìlọ́po méjì kó tó dọ́gba. Sípíkà Klipschorn tí Paul Klipsch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìlú Hope l'Amẹ́ríkà ní 1946, 105 dB ni wọ́n kọ sí i. Sípíkà KEF LS50 ti àwọn ará Ìlú Ọba, 85. Ìyẹn ni pé ohun tí wáàtì 1 ṣe fún ti ìṣáájú, wáàtì 100 ló máa ṣe é fún ìkejì. Torí náà ẹ wo ámpù tó wà nílé kẹ́ ẹ tó ra sípíkà, pàápàá tí sípíkà náà bá jẹ́ ohm 4 (bí nọ́ńbà ohm bá ṣe kéré tó ni iná tó ń fà lára ámpù ṣe ń pọ̀ tó), ámpù kékeré máa ń gbóná níbẹ̀.

Wáyà? 2.5 tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé tó, fún mítà bíi 5. Ẹ kàn fi ọ̀bẹ ha á, tó bá funfun nínú, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, ẹ dá a padà. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú lápá méjèèjì, tí ẹ bá yí ọ̀kan padà bass máa sá lọ, èèyàn á sì máa bú sípíkà.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, tí ọ̀pọ̀ sípíkà olówó ńlá tó ń wọlé sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí aṣọ iwájú ẹ̀. Ẹ fi ìka kan etí wúfà (ẹnu ńlá tó ń mú bass jáde) yíká. Tó bá jẹ́ fóòmù, ó lè ti jẹrà, á máa rún sí yín lọ́wọ́ bíi búrẹ́dì gbígbẹ, ooru àti ọ̀rinrin tiwa níbí ò ṣàánú ẹ̀. Ti rọ́bà máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ. Wọ́n lè pààrọ̀ fóòmù, kì í ṣe òpin ayé, ẹ kàn yọ owó ẹ̀ kúrò nínú iye tó pè. Ẹ wá fi ìka mẹ́rin rọra ti páálí wúfà wọlé, kó lọ geere. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ nínú, kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé sẹ́yìn páálí) ti ń ha irin nìyẹn, wọ́n lè ti jó o rí. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.